Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Nu Pátákó

Òwúrọ̀ ni ìyá tó bí ìyá mi dákẹ́, ní àkókò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá lójú títì tí wọ́n ń pariwo. Mo lọ pa fèrèsé dé kí ariwo wọn má bàa jí i. Nígbà tí mo yíjú padà, mo rí i pé kò sí ohun tó lè jí i mọ́. Mo tún fèrèsé náà ṣí. Ó fẹ́ràn ariwo wọn púpọ̀.

Ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbé ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé Èkìtì ni wọ́n bí i sí, pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tí wọ́n gbé wá sí Àgbádárìgì, pé ọkọ náà kú nígbà tí ọmọ wọn méjèèjì ṣì kéré: ìyá mi, àti Dáyọ̀ àbúrò rẹ̀. Mo kọ pé ó ṣe tíṣà ìṣirò títí ìjọba fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kà á tán, mi ò rí i níbẹ̀. Ìyá Àgbà tí mo mọ̀ kò sí nínú gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n nínú báàgì rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti dúdú, pátákó ni lójú rẹ̀: ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa, ìdí ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ìrẹsì máa ń jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, torí bó bá ti gbé e kaná, ìṣirò kan á gbé òun náà lọ. Àwọn Ègùn àdúgbò wa ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìṣirò, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọ̀pọ̀ kò mọ òmíràn. Kì í na ọmọ tó bá ṣi ìṣirò. Ẹni tó bá wo ti ẹlòmíràn kọ ni ẹgba máa ń bá. Ọmọkùnrin kan bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé ìdáhùn tóun wò kọ kúkú tọ̀nà. Ó fún un ní ẹyọ kan sí i.

"Ó tọ̀nà fún ẹni tó ṣe é," ó ní. "Ìwọ kò tí ì dé ibẹ̀."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, torí nọ́ọ̀sì ni ìyá mi ní Ìbàdàn, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kó ráyè tọ́mọ. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ fi pàdé áljíbírà. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá: Ìyá kan fi ọdún mẹ́rìnlélógún ju ọmọ rẹ̀ lọ, tó bá di ọdún mẹ́rin sí i, ọjọ́ orí ìyá yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ, ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ náà báyìí? Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo gbé orí lé orúnkún, mo ń sunkún. Ìyá Àgbà jáde, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"Kí la mọ̀?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ ìṣirò, ì báà jẹ́ ìjà ọmọdé.

"A ò mọ nǹkan kan, mà. Wọn ò sọ ọdún ọmọ, wọn ò sọ ti ìyá."

"Wọ́n sọ bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ náà ńkọ́? Pè é ní x."

"Ṣùgbọ́n mi ò mọ iye tó jẹ́."

"Ìdí tá a fi ń pè é ní x nìyẹn. Ìyá rẹ̀ wá jẹ́ kí ni?"

"X àti mẹ́rìnlélógún."

"Ọdún mẹ́rin sí i?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ọmọ á di x àti mẹ́rin. Ìyá á di x àti méjìdínlọ́gbọ̀n."

Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ jẹ́ x mẹ́ta àti méjìlá, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ bá ti ìyá dọ́gba. A mú x kan kúrò lápá ọ̀tún, a mú u kúrò lápá òsì. A mú méjìlá kúrò níhìn-ín, a mú u kúrò lọ́hùn-ún. Ohun tó ṣẹ́ kù ni x méjì lápá kan, mẹ́rìndínlógún lápá kejì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Kò jẹ́ kí n dìde títí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò pé lọ́dún mẹ́rin sí i, ọmọ á pé méjìlá, ìyá á pé mẹ́rìndínlógójì, ìlọ́po mẹ́ta náà sì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi.

"Ohun tí o kò mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá rẹ," ó ní. "Fún un lórúkọ, kó jókòó."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Ìyá Sènámi, obìnrin Ègùn kan tó ní ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọmọ Gberefu, abúlé orí yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Bàbá wọn fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òun àti Húnsù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Húnsù gbin ìlà àgbọn márùn-ún sórí rẹ̀, òun gbin ìlà mẹ́ta, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì kó àgbọn ni wọ́n ń jà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wá mú Ìyá Àgbà lọ, mo sì tẹ̀ lé wọn wọ ọkọ̀. Ọgọ́fà àgbọn wà nílẹ̀ lórí yanrìn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì dúró tì í, wọ́n fajú ro síra.

"Márùn-ún sí mẹ́ta," Ìyá Àgbà wí. "Àròpọ̀ wọn mẹ́jọ. Ẹ ṣe é ní òkìtì mẹ́jọ tó dọ́gba."

A kó o. Òkìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Húnsù gba òkìtì márùn-ún, àgbọn márùndínlọ́gọ́rin. Àbúrò rẹ̀ gba mẹ́ta, àgbọn márùndínláàádọ́ta.

"Ìyá Ìṣirò, ọkùnrin ni mí o," Húnsù wí. "Ìyàwó méjì ni mo ní nílé."

"Ìyẹn kò sí nínú ìbéèrè."

"Tí òun náà bá wá gbin ìlà méjì sí i ńkọ́?"

"Á di márùn-ún sí márùn-ún. Nínú irú èyí, ẹ ó gba ọgọ́ta, ọgọ́ta. Ó kù sọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá Sènámi pàtẹ́wọ́. "É nyọ́n!" ó ní, bí àwọn Ègùn ṣe ń sọ pé ó dáa. Nígbà tí a ń padà lórí omi, mo ní inú mi dùn pé ìpín wọn tọ́. Ìyá Àgbà ń wo omi. "Ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú," ó dáhùn. "Ẹni tó ń pín ni kó ṣọ́ ara rẹ̀."

Ṣùgbọ́n nílé, kò pín in bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìjọba ológun ń sọ lórí rédíò pé kí gbogbo ìlú ní sùúrù. Wàrà àti ṣúgà di ohun tí a ń tò fún, tí sójà á sì dúró tì wá pẹ̀lú kòbókò. Owó oṣù àwọn tíṣà kì í dé lásìkò, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ ní dé. Ẹ̀wà la máa ń jẹ, Ìyá Àgbà á sì bù ú: ìgbakọ mẹ́ta fún Dáyọ̀, méjì fún mi, ẹyọ kan fún ara rẹ̀. Mo ti ń kọ́ ìpín nílé ìwé nígbà yẹn. Mo wo abọ́ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní, "Ìyá Àgbà, mẹ́ta sí méjì sí ọ̀kan. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó tọ́. Èmi ti ga tó."

Mo ti dárúkọ Dáyọ̀. Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, torí kò sí bí a ṣe lè mọ Ìyá Àgbà láìmọ ọmọ rẹ̀ yìí. Bọ̀dá Dáyọ̀ ni mo ń pè é. Ó máa ń tú rédíò palẹ̀, á sì tún tò ó padà. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ òkun ló fẹ́ lọ kọ́. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán lójú òkun, á dúró ní Gberefu, á máa ṣàlàyé fún mi bí ohun tó wà nínú ikùn ọkọ̀ náà ṣe ń yí. Ìyá Àgbà kò sọ ọ́ lẹ́nu rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyá mi lọ, ṣùgbọ́n tí Dáyọ̀ bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó máa ń dá orin tó ń kọ dúró kó lè gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún tí Bọ̀dá Dáyọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ìwé tí Ìyá Àgbà ti ń kọ́ni, àwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Ìyá Àgbà bá wọn dá a sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa bẹ̀rẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ tíṣà ti bá tiwọn lọ, ìdánwò sì ti dé tán. Àwọn ọmọ náà kò tí ì rí ìdajì ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́. Ẹ̀rù ń ba ọ̀gá ilé ìwé, torí ìjọba ti kéde pé ilé ìwé tí èsì rẹ̀ bá burú, àwọn á pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Òun àti àwọn òbí kan fi ẹnu kò pé lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò, ẹnìkan á kọ ìdáhùn sójú pátákó. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà lọ máa ṣọ́ yàrá ìkówèé-pamọ́ lọ́jọ́ náà.

Mi ò sí níbẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Sènámi, ọmọ ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà, tó jókòó lẹ́yìn Bọ̀dá Dáyọ̀, ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ìdáhùn ti kún ojú pátákó, áljíbírà, ìpín, ìṣeéṣe, gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń dà á kọ wéréwéré, nígbà tí Ìyá Àgbà wọlé. Bíírò dúró. Ó kà á látòkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ọmọ kíláàsì.

"Ìkẹta kò tọ̀nà," ó ní.

Ó wá mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu pátákó.

Ariwo ẹkún sọ. Àwọn kan ń kọ èyí tó ṣẹ́ kù kọ́wọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Bọ̀dá Dáyọ̀ dìde dúró. "Mọ́mì," ó ní. Kì í pè é ní Mọ́mì nílé ìwé. Mísìs ló máa ń pè é bíi ti àwọn yòókù. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Sènámi ní ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní ó dúró pẹ́ débi pé gbogbo wọn gbọ́ bí atẹ́gùn òkun ṣe ń gbọn páànù òrùlé. Kò yíjú padà. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀, ó sì nù ún títí pátákó fi mọ́.

"Ẹ ṣe èyí tí ẹ bá mọ̀," ó wí fún wọn. "Èyí tí ẹ ò mọ̀, màá kọ́ yín."

Èsì dé. Àwọn tó yege nínú ìṣirò kò tó nǹkan. Bọ̀dá Dáyọ̀ yege nínú gbogbo ìyókù, ṣùgbọ́n ìṣirò já a kulẹ̀, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ẹni tí kò ní i. Àwọn òbí wá bá Ìyá Àgbà nílé. Bàbá kan bi í pé: "Ṣé ẹ rò pé ẹ sàn ju gbogbo wa lọ ni?" Ó ní òun kò rò bẹ́ẹ̀. "Ọmọ yín náà wà níbẹ̀!" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé àga fún wọn, ẹnikẹ́ni kò jókòó. Ìyá Sènámi kò bá wọn wá, èyí sì dun Ìyá Àgbà ju kó wá lọ. Ó kàn dẹ́kun kíkí i ni. Bó bá rí i lókèèrè, á gba òdìkejì ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi dín òṣìṣẹ́ kù káàkiri, orúkọ Ìyá Àgbà sì wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Bóyá ọ̀gá ilé ìwé ló fi í síbẹ̀, bóyá òun kọ́. A ò mọ̀ títí dòní. Ó kó báàgì rẹ̀, ó wálé, ó dáná. Ìrẹsì náà jóná.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Bọ̀dá Dáyọ̀ jáde pẹ̀lú báàgì léjìká. Ó dúró níwájú ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ọmọ yín ni mí, àbí ọmọ ìlú?"

"Ọmọ mi ni ọ́."

"Ṣé ẹ rí mi níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí."

"Ẹ rí mi, ẹ gbọ́ ohùn mi, ẹ sì nù ún."

"Mo nù ún."

"Nítorí kí ni?"

"Dáyọ̀, bí mo bá fi í sílẹ̀ nítorí tìẹ," ó ní, "ojú wo ni n óò fi wo ọmọ ẹlòmíràn?"

Bọ̀dá Dáyọ̀ mi orí. "Ẹ máa wo ọmọ ẹlòmíràn, mà." Ó fọwọ́ kan orí mi bó ṣe ń kọjá, ó sì gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ, níbi tí ilẹ̀ wa ti bá ti àwọn tó ń sọ Faransé pààlà. Ìyá Àgbà dúró síbẹ̀ títí tí kò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ó wá jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa ẹ̀wà, ṣùgbọ́n èyí tó dára ló ń jù nù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kun pátákó plánkì kan, ó gbé e ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní kí n lọ sọ fún gbogbo àwọn tó fìdí rẹmi pé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ó kọ́ èmi nìkan, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé kíláàsì kún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ojú sì ń tì mí nítorí àwọn tó ń kọjá. Sènámi ló kọ́kọ́ yọ́ wá láìsọ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, méjì. Lẹ́yìn wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gbà wá mọ́.

Agolo mílíìkì kan ló fi kọ́ wọn ní ìṣeéṣe. Ó ka ẹ̀wà pupa márùn-ún àti ẹ̀wà funfun mẹ́ta sínú rẹ̀, ó mì í, ó ní kí Sènámi di ojú. "Kí ni ìṣeéṣe pé funfun lo máa mú?"

"Mẹ́ta nínú mẹ́jọ, mà."

"O mú u, o ò dá a padà. Kí ni ìṣeéṣe pé funfun tún ni ìkejì?"

"Funfun ku méjì. Gbogbo rẹ̀ ku méje. Méjì nínú méje."

"Méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn ńkọ́?"

Wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀: mẹ́fà nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, èyí tó jẹ́ mẹ́ta nínú méjìdínlọ́gbọ̀n. Sènámi ní ó ti kéré jù. Ìyá Àgbà ní, "Ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé agolo náà tọ̀ ọ́ lọ. Ọmọdé ni mí. Mo rò pé agolo náà mọ ohun gbogbo. "Ìyá Àgbà, kí ni ìṣeéṣe pé Bọ̀dá Dáyọ̀ máa padà?"

Ó gba agolo náà lọ́wọ́ mi, ó dé e. "Èmi ni mo ka ẹ̀wà sínú eléyìí," ó ní. "Mi ò mọ ohun tó wà nínú ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, Sènámi yege. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀, òun náà sì di tíṣà ìṣirò. Ọjọ́ tí èsì rẹ̀ dé, ìyá rẹ̀ ru ọpọ́n ẹja yíyan wá, ó dúró lẹ́nu géètì wa, kò lè wọlé, kò lè padà. Ìyá Àgbà gbójú sókè láti ibi tó jókòó sí.

"Gbé e wọlé," ó ní. "Ẹja yẹn ti ń tutù."

Wọ́n jọ jẹ ẹ́, n kò sì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ìjà náà rí.

Bọ̀dá Dáyọ̀ kò kọ̀wé. Oníṣòwò kan ló mú ìròyìn wá pé ó wà ní Lomé, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó sì ti bímọ. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń bẹ àwọn tó ń ná ọjà ẹnubodè pé kí wọ́n kọ́ òun ní Faransé díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ ọmọ òun má bàa wá, kí òun máa wò ó lójú bí odi. Ó sọ "bọ́nṣúù" tó jẹ́ ìkíni Faransé lemọ́lemọ́ débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ṣe é lẹ́fẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í léèrè bóyá ó kábàámọ̀ ohun tó ṣe. Ó ti ń rọ lẹ́sẹ̀ nígbà náà, mo ń fi òróró àgbọn ra orúnkún rẹ̀. Ó ní ó tọ́, ó sì dun òun, méjèèjì sì lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀. Mo rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Mi ò jẹ̀bi pé mo nù ún. Nígbà tí a daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí wà níbí. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí mo ń kọ nǹkan sí wà. Mo lè kọ́ wọn nínú ilé mi láìwọ ilé ìwé. Mo jókòó, mo ń bínú sí ìjọba. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi."

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló dá a dùbúlẹ̀. Apá kan kú, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ránṣẹ́ sí Lomé, kò sì dá ẹnikẹ́ni nínú wa lójú pé ẹni tí a ránṣẹ́ sí máa dáhùn. Bọ̀dá Dáyọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ kan. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ yàrá, kò sì dìde. Ìyá Àgbà wò ó. Gbogbo wa dúró, à ń retí ohun tó máa sọ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó ti ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ kúrò lórí yanrìn.

"Dáyọ̀. O ti jẹun?"

Ó ní òun kò tí ì jẹun. Ìyá mi sáré lọ gbé oúnjẹ wá, ó sì jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, omijé ń kán sínú abọ́, Ìyá Àgbà sì ń wò ó títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Òun ló ń fún un ní ògì, òun ló ń gbé e jókòó. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn.

Àgbádárìgì la sin ín sí, bó ṣe fẹ́. Níbi ìsìn àìsùn, wọ́n ní kí àwọn tó kọ́ sọ̀rọ̀. Sènámi sọ̀rọ̀, ó dára. Àwọn mìíràn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wá dìde lẹ́yìn pátápátá, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ó ní òun wà nínú yàrá ìdánwò ọjọ́ náà. Ó ní òun kò yege, òun kò sì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, torí ẹja pípa gbé òun lọ. "Inú ṣì ń bí mi sí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló sọ pé òun máa kọ́ wa. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn." Ó jókòó. Mo rò pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí ni Ìyá Àgbà ì bá fẹ́ gbọ́ jù.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Dáyọ̀ ń padà, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ Sẹ̀mẹ̀. Ọkọ̀ kò tí ì kún. A dúró lábẹ́ ibòji, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá a sọ," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tò ó. Nínú ọkọ̀ tí mo ń bọ̀, mo ń tò ó. Mo dé, ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo wá ń rò ó pé kí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ ná. Lójoojúmọ́, mo ń sọ pé tó bá di ọ̀la."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún un?"

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Mo ra ìwé ìṣirò ní Lomé," ó ní. "Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń jókòó tì í. Èmi nìkan, láìsí tíṣà. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe."